Kò sí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kankan nínú ẹgbẹ́ atukọ̀ wa: ṣé kí n bá wọn lọ sí eré-ìje Fastnet?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Portsmouth:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí gbogbo yín o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe níbí, ó sì ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ kan wa ọkọ̀ onígbòkun lórí omi Solent ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwa mẹ́jọ ni. Olùkọ́ ilé-ìwé ni ọ̀gá ọkọ̀ wa, ẹnì kan ń tún iná mànàmáná ṣe, ẹnì kan ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tí wọ́n ń sanwó fún nítorí ọkọ̀ wíwà. Ọkọ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 38.

Wọ́n ti wá fẹ́ kí a wọ eré-ìje Fastnet tó ń bọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti Cowes, tó gba etí òkun gúúsù England lọ, tí a ó yí àpáta Fastnet po ní gúúsù Ireland, kí a tó padà wá parí rẹ̀ ní Cherbourg ní ilẹ̀ Faransé. Ó tó 695 máìlì ojú òkun. Mo ti kà nípa ti ọdún 1979, mo sì mọ̀ pé ènìyàn 15 nínú àwọn tó kópa ni omi gbé lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ìpàdé wa tó kọjá, mo béèrè pé bí ìjì bá ká wa mọ́ ojú òkun, ta ni yóò sọ pé kí a yí padà, kí sì ni ẹni náà yóò wò kó tó sọ ọ́? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ọkọ̀ wa ní, “A ó mọ̀ ọ́n bó bá dé.” Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ọkọ mi ní kí n má lọ. Ìyá mi kò tíì gbọ́, mi ò sì ní jẹ́ kó gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú eré yìí rí, ṣé àṣejù ni ìbéèrè mi?

Bàbá Táyé, Southampton:

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ dára ju ìdáhùn tí wọ́n fún ọ lọ. Mo wà nínú eré-ìje ọdún 2023, èyí tí ọkọ̀ 430 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Keje. Èmi náà kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, táyà ni mo ń tà. Afẹ́fẹ́ ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn fẹ́ bọ̀ wá bá wa, omi Solent sì ń ṣàn jáde lọ pàdé rẹ̀, nítorí náà nígbà tí a fi máa dé ẹ̀bá àwọn àpáta Needles, ìgbì kò gùn mọ́, ó ga ni, ó sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Ọkọ̀ kan rì níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọpẹ́ ni pé wọ́n rí àwọn atukọ̀ rẹ̀ yọ láàyè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sì yà kúrò nínú eré lálẹ́ ọjọ́ kìíní.

Jẹ́ kí n sọ bí alẹ́ náà ṣe rí nínú ọkọ̀ tiwa. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, márùn-ún nínú àwa mẹ́jọ ló ti ń bì. Mo wọ inú ọkọ̀ lọ láti pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ mi tó ti rin, ó sì gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí n tó wọ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún padà, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá fi ọwọ́ méjèèjì di bàtà náà mú, ọkọ̀ a gbé mi sọ lu ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀. Ìkòkò núdùsì tí ẹnì kan gbé kaná ti dà sórí àpò tí a fi ń sùn. Nígbà tí mo jáde, mo ti gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn kí n tó rántí pé mi ò tíì so okùn àyà mi mọ́ ọkọ̀. Wò ó, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ṣe olórí ètò ààbò nínú ọkọ̀ náà.

Ohun tó yọ wá ni pé ọ̀gá ọkọ̀ wa ti kọ nǹkan kan sílẹ̀ kí a tó kúrò ní Cowes, a sì jọ fọwọ́ sí i: bí àwọn tó lè di ìtọ́kọ̀ mú láìbì kò bá ju mẹ́ta lọ, èbúté tó bá sún mọ́ wa jù ni a ó yà sí. Kò fi ti agbára afẹ́fẹ́ ṣe rárá, iye ènìyàn ló kà. Nígbà tó ku àwa mẹ́ta, kò sí ẹni tó ní láti pe ara rẹ̀ ní ojo, a kàn darí sí Weymouth ni. Ẹ̀rù afẹ́fẹ́ kì í sábà ba àwọn bíi tiwa tó bí ìtìjú ṣe ń bà wá, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò la ẹnu pé ó ti sú òun. Akọni tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ilẹ̀.

Òfin eré náà sì wà pẹ̀lú: ọ̀gá ọkọ̀ àti ó kéré tán ìdajì àwọn atukọ̀ gbọ́dọ̀ ti jọ sáré tó 300 máìlì lójú òkun ṣáájú. Má fojú kékeré wo ìyẹn. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ ẹni tí ẹ jẹ́.

Ọmọ Ìlàjẹ, Sydney:

Ẹ kú ìjíròrò o. Eré-ìje tiwa níbí ni Sydney sí Hobart, tí ó ti wà láti ọdún 1945, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, tó sì jẹ́ 628 máìlì ojú òkun. Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ bíi tìrẹ àti ìjì kí a má dárúkọ ọdún 1998. Ọkọ̀ 115 ló bẹ̀rẹ̀, 44 péré ló dé Hobart, márùn-ún rì, ènìyàn mẹ́fà kú, wọ́n sì fi hẹlikópítà àti ọkọ̀ ojú omi yọ àwọn 55 kúrò lójú òkun.

Ìdí tí omi ibẹ̀ fi ń burú tó bẹ́ẹ̀ rọrùn láti lóye. Bass Strait, ìyẹn omi tó pín Tasmania níyà kúrò lára ilẹ̀ Australia, kò jìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju 60 mítà lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà nígbà tí ìgbì tó ti inú òkun jíjìn wá bá gun orí ilẹ̀ tó sún mọ́kè yẹn, ńṣe ló ń ga sókè. Lẹ́yìn èyí, ìṣàn omi ńlá kan wà tó ń ti àríwá lọ sí gúúsù ní etí òkun ìlà-oòrùn níbí. Inú àwọn atukọ̀ máa ń dùn sí i, ó ń tì wọ́n síwájú, àfi ìgbà tí ìjì bá ti òdìkejì wá pàdé rẹ̀. Ohun tí Bàbá Táyé rí ní Needles náà ni, ó kàn jẹ́ pé ó tóbi ju ìyẹn lọ lọ́nà púpọ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n fi ẹ̀mí ènìyàn rà lọ́dún náà ni bí a ṣe ń ka ìròyìn ojú ọjọ́. Bí wọ́n bá ní afẹ́fẹ́ yóò fẹ́ dé 50 nọ́ọ̀tì, ìyẹn 50 máìlì ojú òkun ní wákàtí kan, àròpín ni wọ́n sọ. Ẹ̀fúùfù òjijì lè fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ìyẹn lọ, ìgbì kan láàárín àwọn yòókù sì lè ga tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kéde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ lọ́dún náà rò pé iye tí wọ́n gbọ́ ni òpin rẹ̀. Ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Sword of Orion rí i lọ́sàn-án ọjọ́ kejì pé ohun tó ń fẹ́ lù wọ́n kọjá ohun tí wọ́n kéde. Nígbà tí wọ́n ń pe ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí rédíò láti sọ ibi tó wà, àwọn atukọ̀ rẹ̀ tọrọ àyè, wọ́n sì sọ fún gbogbo ọkọ̀ pé ẹ̀fúùfù ti dé 78 nọ́ọ̀tì lọ́dọ̀ àwọn. Bẹ́ẹ̀, a kì í sábà sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹni tí a ń bá díje. Àwọn kan gbọ́, wọ́n sì yí padà. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ayétòrò, ẹni tó bá ń ti òkun bọ̀ ni wọ́n máa ń bi léèrè kí ẹlòmíràn tó ti ọkọ̀ tirẹ̀ sómi, nítorí náà nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí, kò yà mí lẹ́nu pé òun ló gba ọ̀pọ̀ là.

Lẹ́yìn ìwádìí, wọ́n yí òfin padà. Ó kéré tán ìdajì àwọn atukọ̀ gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ ààbò lójú òkun. Kí ọkọ̀ kan tó wọ Bass Strait, ó gbọ́dọ̀ pe rédíò nígbà tó bá dé ọ̀gangan Green Cape, ṣóńṣó ilẹ̀ kan ní etí òkun Australia, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkọ̀ pé, ara atukọ̀ dá, àwọn sì ṣe tán láti tẹ̀ síwájú. Ẹni tí kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń padà.

Alátakò Rere, London:

Mi ò bá Bàbá Táyé jiyàn lórí Weymouth, nítorí èbúté wà nítòsí wọn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí arábìnrin wa rò pé yíyí padà ni ààbò nígbà gbogbo. Sword of Orion tí ẹ̀gbọ́n wa ní Sydney dárúkọ yẹn ti yí padà, ó ń lọ sí èbúté Eden, nígbà tí ìgbì dojú rẹ̀ dé. Okùn tí ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ fi so ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ já, a kò sì rí i mọ́. Business Post Naiad náà ti yí padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìgbì yí i po, ènìyàn méjì sì kú níbẹ̀. Ọkọ̀ tó gba ipò kìíní lọ́dún náà nínú ìṣirò gbogbogbòò, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àtúnṣe àkókò kí ọkọ̀ kékeré lè bá ọkọ̀ ńlá díje, AFR Midnight Rambler, ẹsẹ̀ bàtà 35 péré ni, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n rí i pé bí àwọn bá yí padà, ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ìgbì yóò máa gbá, wọ́n sì yàn láti máa kọjú sí i. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi èyí ṣe àwòkọ́ṣe o. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ìjì bá ti dé tán, àti síwájú àti ẹ̀yìn, ewu ni méjèèjì.

Ní ti ọdún 1979, àárín Land's End, ìyẹn ìpẹ̀kun ilẹ̀ England ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, àti Ireland ni ìjì náà ti ká wọn mọ́, ní òru ọjọ́ 13 mọ́jú ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ. Èbúté wo ni wọn ì bá yà sí níbẹ̀? Ọkọ̀ 303 ló bẹ̀rẹ̀, 86 ló parí. Àwọn atukọ̀ fi ọkọ̀ 24 sílẹ̀, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ rọ́bà ìgbàlà tàbí kí hẹlikópítà gbé wọn, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ni omi gbé mì. Àwọn 19 yòókù ni wọ́n bá lójú omi lẹ́yìn náà, tí wọ́n ṣì ń léfòó. Nínú àwọn tó kú, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ rọ́bà yẹn ló dojú dé tàbí tó ya mọ́ wọn lọ́wọ́, nígbà tí ọkọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà atukọ̀ fi ń sọ pé ìgbà tí o bá ní láti gòkè wọ ọkọ̀ rọ́bà ni kí o tó wọ̀ ọ́; bó bá jẹ́ pé sísọ̀kalẹ̀ ni, ọkọ̀ rẹ kò tíì rì.

Nítorí náà, mo fẹ́ tún ìlànà Bàbá Táyé ṣe díẹ̀. Ẹ kọ iye ènìyàn sílẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ibi tí ẹ ó ti kà wọ́n náà sílẹ̀. Ẹ fi Land's End ṣe Green Cape tiyín. Kí ẹ tó kọjá ibẹ̀, kí ẹ ka ènìyàn, kí ẹ yẹ ìgbòkun ìjì wò, kí ẹ tún gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn ibẹ̀, ìbéèrè rẹ yóò yí padà, kò ní jẹ́ ta ni yóò ní kí a padà mọ́, bí ọkọ̀ yóò ṣe máa kọjú sí ìgbì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ ni.

Ìyá Ìbejì, Plymouth:

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni tèmi. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìgbì, ẹ ò sọ̀rọ̀ igi ìdábùú tí ìsàlẹ̀ ìgbòkun ńlá so mọ́. Nínú Sydney sí Hobart ọdún 2024, ènìyàn méjì ló kú lálẹ́ ọjọ́ kìíní, nínú ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, omi kò sì gbé ẹnì kankan nínú wọn. Igi yẹn àti okùn rẹ̀ ló ṣọṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹlòmíràn já sómi láti inú ọkọ̀ kẹta, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ibi tó wà ránṣẹ́ wà lára rẹ̀, wọ́n sì rí i gbé. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, àbúrò, ìwọ ni wọn yóò máa wò bí orí ẹnì kan bá fọ́. Béèrè ohun tó wà nínú àpótí ìtọ́jú wọn. Oògùn èébì sì rèé, ṣáájú kí ẹ tó kúrò ní èbúté ni kí ẹ lò ó. Lẹ́yìn tí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ní dúró sí ikùn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Portsmouth:

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ ìwé sí ọ̀gá ọkọ̀ wa, mo fi ohun mẹ́ta síbẹ̀: iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ lè di ìtọ́kọ̀ mú, kíka ènìyàn kí a tó kọjá Land's End, àti àkójọ ohun tó wà nínú àpótí ìtọ́jú. Ọjọ́ méjì ló gbà kó tó dáhùn. Ó ní òun kò rẹ́rìn-ín nítorí pé ọ̀rọ̀ mi kò nítumọ̀, pé òun náà kò mọ èsì ni. Ó ti gba ti Land's End. Ní ti iye ènìyàn, ó ní márùn-ún, mo ní mẹ́rin tó, a ṣì ń fà á. Àpótí ìtọ́jú náà ni mo ṣí fúnra mi ní ọjọ́ Sátidé: bándéèjì méjì tó ti tutù, sísọ́ọ̀sì kan tó dípẹtà, àti oògùn èébì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Mo ti sọ fún wọn pé n ó bá wọn sá 300 máìlì yẹn lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni n ó tó sọ bóyá n ó lọ sí Fastnet.