Ohùn kilarinẹ́ẹ̀tì mi ń dún bí ẹ̀fọn, ta ló ti bọ́ nínú irú ẹ̀?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú ojúmọ́ o. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń fọn kilarinẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohùn ẹ̀ ò kún rárá, tín-ín-rín báyìí bí ẹ̀fọn létí ẹni lóru. Lọ́jọ́ ìkórè, ìyá àgbà kan tẹ̀lé mi débi mọ́tò, wọ́n ní "ọmọ mi, ṣé o jẹun kó o tó wá?" Ẹ gbà mí.

Ẹkùn Adó: 😂😂 Màmá ti sọ ọ́ tán.

Tísà Ìjerò: Eyín lò ń fi há a. Bí èmi náà ṣe ṣe fún ọdún mẹ́ta nìyẹn, inú ètè ìsàlẹ̀ mi á bó, mo rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ọ̀gá kan ló ní kí n yọ mouthpiece, ibi tá a ń fẹnu sí, kí n fọn òun nìkan, ó gbé fóònù tó ń ka ohùn síwájú mi, ó ní nóòtì C ti dùùrù ló yẹ kó jáde, tèmi ti ga débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di D. Ó ní "o ti fún un lọ́rùn." Kí àgbọ̀n sọ̀ kalẹ̀, kí igun ẹnu méjèèjì dì í mú, kí èémí wá láti ikùn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ kó tó là.

Alágbàdo: Kì í ṣe ẹnu nìkan o. Mouthpiece tó bá fèrè tòkunbọ̀ mi wá, etí ẹ̀ ti jẹ. Mo ra Yamaha 4C, ọjọ́ yẹn gan-an ni ohùn yàtọ̀.

Ẹkùn Adó: Èmi sáré ra Vandoren B45 torí mo rí i lọ́wọ́ ẹnì kan l'Ékòó. Ẹnu ẹ̀ là ju 4C lọ, èmi tún wá gbé rídì (ewé pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè) 3 tó le lé e. Afẹ́fẹ́ lásán! Orí fọ́ mi. Ìgbà tí mo padà sí 2½ tó rọ̀ jù ú lọ ló tó gbọ́ràn.

Tísà Ìjerò: Ẹ rí i? Owó ò mọ fèrè fọn.

Alágbàdo: Tísà, ẹ ò ní gbà láé.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Ṣé ìlú mi lẹ fi ń ṣe àkàwé lókè yẹn àbí kòkòrò?

Ìyá Ìbejì: Iyán ni. Ẹ ó jẹ iyán ọ̀sán yó bámú, ẹ ó wá rìhásà aago mẹ́rin, ibo ni èémí fẹ́ gbà?

Ẹkùn Adó: Ẹ fi iyán sílẹ̀ o, Èkìtì la wà.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Bàbá mi jẹ iyán, wọ́n sì fọn tròḿpẹ́ẹ̀tì títí wọ́n fi darúgbó.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ohùn wọn kún?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Ó pariwo ṣá.

Ṣọlá K: Nóòtì A àti B flat àárín ńkọ́? Ibẹ̀ tín-ín-rín lọ́wọ́ gbogbo wa, bí wọ́n ṣe ṣe fèrè ọ̀hún nìyẹn. Fi ìka ọwọ́ ọ̀tún dí ihò ìsàlẹ̀ bó o bá ń fọn wọ́n, á nípọn díẹ̀. Àti pé tí ọyẹ́ bá dé, rídì á ká kòrókòró, má wulẹ̀ bú ara ẹ.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Mo ti fọn mouthpiece nìkan. Fóònù ní D, Tísà. Aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn, ó ní ṣé ewúrẹ́ ni mo há mọ́lé ni.