Sophie Germain tàbí Olympe de Gouges: ìtàn ta ni kí n sọ fún àwọn ọmọbìnrin wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Mo fẹ́ sọ ìtàn obìnrin Faransé kan fún àwọn ọmọbìnrin kíláàsì ìṣirò mi, àkókò díẹ̀ ni mo sì ní.

Ọkàn mi fà sí Sophie Germain, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n bí ní Paris ní 1776. École Polytechnique, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Paris, kì í gba obìnrin nígbà náà, ló bá fi orúkọ ọkùnrin, LeBlanc, kọ̀wé sí Lagrange, onímọ̀ ìṣirò tó ń kọ́ni níbẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, ńṣe ni Lagrange ràn án lọ́wọ́. Síbẹ̀, nínú orúkọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà 72 tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sára ilé gogoro Eiffel ní Paris, kò sí tirẹ̀. Ó dùn mí gan-an!

Olympe de Gouges tó jẹ́ òǹkọ̀wé ńkọ́? Ó kọ ìkéde ẹ̀tọ́ obìnrin ní 1791. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 1793.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn ọmọ lè rò pé obìnrin gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ kó tó lè ṣe ìṣirò. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa sọ ìtàn Sophie fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá?