Díìsìkì ẹ̀yìn ọkọ mi: ṣé ká ṣiṣẹ́ abẹ ni, àbí ká ṣì ní sùúrù?

Ẹ kú ilé o. Awakọ̀ dánfó ni ọkọ mi l'Ékòó. MRI (àwòrán inú ara) fi hàn pé díìsìkì, ìyẹn ohun rírọ̀ tó máa ń wà láàárín eegun ẹ̀yìn, èyí tó wà láàárín L4 àti L5 (eegun kẹrin àti ìkarùn-ún ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn) ló yọ síta, tó ń tẹ iṣan tó lọ sẹ́sẹ̀ òsì. Bàtà gan-an, èmi ni mò ń bá a wọ̀ ọ́. Dókítà kan ní kó ṣiṣẹ́ abẹ. Oníṣẹ́ fisió (tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara) ní ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ó ṣì ń tọ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ ò sì tíì rọ. Ohun tí wọ́n ní ká máa ṣọ́ nìyẹn. Màmá ọkọ mi ti gbé àdín dé (ẹ má wulẹ̀ bi mí). Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀hún, ṣé ẹ lè jókòó pẹ́ báyìí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́ sẹ́yìn ńkọ́?