Wọ́n ní wọ́n ń wá a, ó ń jó lóde: ẹ sọ èyí tí ojú yín rí

Àkànní Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ilé o. Ìyá mi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ́jà kó owó àjọ wọn sí ilé iṣẹ́ kan tó ní òun ń fi owó ṣòwò ilẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gá ibẹ̀ kó ẹrù, ó di Dubai. A lọ sí tẹ́ṣàn, wọ́n ní ká mú owó epo wá kí àwọn lè rí mọ́tò fi wá a. A dá owó epo. Lóṣù tó kọjá la rí fọ́tò rẹ̀ níbi ìgbéyàwó kan ní Lẹkí, ó ń ná owó fún olórin, ọlọ́pàá méjì sì dúró ti òun ti ìbọn, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n ní àwọn ń wá! Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí? Kí lẹ ṣe sí i?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin tiẹ̀ ráyè dé orí owó epo. Tiwa, owó bébà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà ká tó lè kọ sítétímẹ́ǹtì.

Láídé: Ọ̀rọ̀ tèmi yà díẹ̀ sí tiyín, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Wọ́n kó àbúrò mi ọkùnrin níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní fóònù ẹnì kan sọnù ládùúgbò yẹn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ fóònù ti di ìdigunjalè. Wọ́n gbé wọn lọ síwájú májísíréètì, májísíréètì ní òun ò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìdigunjalè, àmọ́ kí wọ́n kó wọn lọ sẹ́wọ̀n ná títí ìmọ̀ràn yóò fi dé láti ọ́fíìsì DPP, ìyẹn ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pinnu bóyá ẹjọ́ wà. Ìmọ̀ràn yẹn ò dé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. IPO, ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ náà tó mú wọn, wọ́n ti gbé e kúrò nílùú, wọn ò sì rí fáìlì mọ́. Ìyá wa ò yéé gbé oúnjẹ lọ.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ rèé. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n kó wọn wá sí kóòtù, wọ́n so wọ́n ní méjì-méjì, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alága káńsù kan tẹ́lẹ̀ dé pẹ̀lú jíìpù mẹ́ta, owó ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni wọ́n ní ó kó jẹ. Kò tíì pẹ́ nínú àpótí olùjẹ́jọ́ tí lọ́yà rẹ̀ fi ní ẹ̀yìn ń dùn ún, kí wọ́n fún un ní pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kó lè lọ gba ìtọ́jú ní Íńdíà. Wọ́n gbé àga fún un. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Wọ́n dá pásípọ́ọ̀tù padà fún un. Gbogbo rẹ̀ ò tó àkókò tí èèyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ. Kò tíì padà dé láti Íńdíà o.

Bọ́dé: Wọ́n gbé ÀGA fún un!

Ṣadé Ìjẹ̀bú: Ọ̀rọ̀ àga yìí ló dùn mí jù. Ọmọ ọlọ́mọ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lánre_K: Ẹ má bínú sí mi, Àǹtí Láídé. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé ẹjọ́ ò tíì dá alága yẹn lẹ́bi, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ń dùn ún lóòótọ́.

Bọ́dé: Lánre, ilé ẹjọ́ ò dá àbúrò wọn náà lẹ́bi. Àga tiẹ̀ dà?

Lánre_K: Ìyẹn ò burú. Mo gbà.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀: Mo ṣiṣẹ́ ní kóòtù títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹjọ́ olówó kì í kú, ṣe ni wọ́n máa ń sún un. Lónìí, lọ́yà àgbà wà ní kóòtù mìíràn. Lọ́la, olùjẹ́jọ́ ń ṣàìsàn. Tó bá yá, wọ́n á ní kóòtù yìí ò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n á gbé ìyẹn nìkan lọ sí kòtẹ́milọ́rùn, ó lè lo ọdún mélòó kan níbẹ̀. Kí wọ́n tó padà dé, wọ́n ti gbé adájọ́ lọ ibòmíràn, ẹjọ́ á wá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ẹlẹ́rìí á ti darúgbó.

Òfin ACJA ti ọdún 2015, òfin nípa bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, fẹ́ dí ihò yìí. Ó ní kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ lójoojúmọ́, ó sì ní adájọ́ tí wọ́n gbé ga lọ sí kòtẹ́milọ́rùn lè padà wá parí ẹjọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá wo ti Orji Uzor Kalu, gómìnà Abia tẹ́lẹ̀. 2007 ni EFCC kọ́kọ́ gbé e lọ sí kóòtù. December 2019 ni adájọ́ kan tí wọ́n ti gbé ga lọ sí kòtẹ́milọ́rùn tó rán an lẹ́wọ̀n ọdún 12. Ní May 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé apá òfin yẹn ta ko òfin orílẹ̀-èdè, adájọ́ náà ò sì ní àṣẹ láti parí ẹjọ́ náà, wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. Ó jáde, ó padà sí ilé aṣòfin àgbà. Èmi ò sọ pé àwọn adájọ́ àgbà ò mọ òfin. Mò ń sọ pé ọdún 12 lọ báyẹn.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ ṣé fún àlàyé. Àmọ́ ta ló ń gbé fáìlì pamọ́? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin akọ̀wé?

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀: Ìyá Ìbejì, àwọn kan ń ṣe é. Mo mọ̀ wọ́n. Èmi ò gba kọ́bọ̀ rí láti gbé fáìlì ẹnikẹ́ni pamọ́, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi.

Àdìó: Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ 😂

Ṣadé Ìjẹ̀bú: Àdìó, bọ̀wọ̀ fágbà. Ẹni tó jáde wá là á yé wa lò ń bá jà.

Dèjì Ìlú Ọba: Ẹ kàn gbé wọn wá sí Lọ́ńdọ̀nù ni. Ẹ wo Ibori, gómìnà Delta tẹ́lẹ̀: December 2009, kóòtù ní Asaba da gbogbo ẹ̀sùn 170 nù. Ní 2010 ó sá lọ Dubai, wọ́n mú un níbẹ̀, wọ́n fà á lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní 2012, òun fúnra rẹ̀ dúró ní kóòtù Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù ó ní òun jẹ̀bi, wọ́n fún un lẹ́wọ̀n ọdún 13. Gómìnà kan náà ni o. Kóòtù ló yàtọ̀.

Fẹ́mi Agbowó: Ẹ̀gbọ́n Dèjì, níbo ni àwọn owó náà ń sá lọ? Ìlú Ọba tí ẹ ń yìn yẹn náà ni. Àwọn báńkì ibẹ̀ gbà á, wọ́n ta ilé fún wọn. Ní 2021 tí wọ́n dá nǹkan padà nínú ti Ibori, mílíọ̀nù £4.2 ni. Ẹ sì rántí Alamieyeseigha, gómìnà Bayelsa nígbà náà: Lọ́ńdọ̀nù ló wà lórí béèlì ní 2005 kó tó yọ sí Bayelsa. Níbí la ti wá dá a lẹ́jọ́ ní 2007, àwa kan náà la tún forí jì í ní 2013.

Dèjì Ìlú Ọba: Ṣùgbọ́n ẹni tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ṣẹ̀wọ̀n. Ìyẹn ni mò ń wí.

Alhaji Ọ̀ṣọ́: Àwọn tó lè rántí 1984, ẹ kú àgbà. Umaru Dikko tó jẹ́ mínísítà nígbà Ṣàgàrí sá lọ Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba. Wọ́n jí i gbé láàárín ìgboro, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n tì í sínú àpótí igi pé kí ọkọ̀ òfuurufú Nigeria Airways gbé e wálé. Àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfuurufú Stansted ló ṣí àpótí. Ká ní ó dé Èkó ni, ẹ̀rù ì bá ba àwọn tó kù.

Lánre_K: Alhaji, ẹ jọ̀ọ́. Ìjínigbé nìyẹn! Ìjọba ológun tó fẹ́ fi àpótí gbé e wálé náà ló ń ju oníròyìn sẹ́wọ̀n lọ́dún yẹn pé wọ́n kọ òótọ́.

Alhaji Ọ̀ṣọ́: Òótọ́ lo sọ. Ìbínú ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Alájé Dùgbẹ̀: Ẹ má gbàgbé onídùúró o. Mo dúró fún ọ̀gá mi àtijọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ fún un ní béèlì, mo fi ìwé ilẹ̀ bàbá mi sílẹ̀ ní kóòtù. Ọ̀gá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Èmi ni wọ́n tì mọ́lé, ìyàwó mi lóyún nígbà náà. Nígbà tí Maina, ọ̀gá tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ lórí owó ìfẹ̀yìntì, sá ní 2020 tí wọ́n rán Sẹ́nétọ̀ Ndume lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje nítorí pé ó dúró fún un, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún. Àmọ́ kíá ni sẹ́nétọ̀ jáde, wọ́n sì padà mú Maina ní orílẹ̀-èdè Niger, ó gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ ní 2021. Ta ló bá mi mú ọ̀gá tèmi? Ìwé ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ kóòtù.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Ìwé ilẹ̀ bàbá!

Bọ́dé: Ṣé ọ̀gá yẹn pè yín rí?

Alájé Dùgbẹ̀: Ó pè, ó kí mi kú ọdún.

Àkànní Mọ́kọ́lá: Àwọn ìyá ọjà wa ní kí n kọ ìwé sí EFCC, pẹ̀lú fọ́tò Lẹkí yẹn. Ṣé ó níláárí?

Àdìó: Rárá.

Fẹ́mi Agbowó: Ẹ kọ ọ́. Kí gbogbo àwọn ìyá fọwọ́ sí i, ẹ so ìwé báńkì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ lé. Ìwé tó ní òǹtẹ̀ kì í rọrùn láti sọ pé kò dé.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀: Láídé, tìẹ ló wà lọ́kàn mi. Nọ́ńbà ẹjọ́ wà lára ìwé tí májísíréètì fi rán àbúrò rẹ lọ. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n kódà bí fáìlì kóòtù bá sọnù. Gbà á, kí o lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council ní ìpínlẹ̀ rẹ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù gíga pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n má dúró de DPP mọ́.

Láídé: Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Wọn ò sọ fún wa rí pé ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ àwọn wọ́dà. Ní Monday màá tẹ̀lé màmá lọ.