Werner Kalow: níbo ni iṣẹ́ bàbá yìí ti ń kàn yín lónìí?

Agbọ̀rọ̀dùn
Ọdún 1917 ni wọ́n bí Kalow ní Cottbus ní Jámánì. Toronto ló ti ṣe iṣẹ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde, èyí tó dá lórí bí jíìnì ṣe ń mú kí oògùn kan náà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì kú ní 2008. Ẹ̀yin akunilóorun, ẹ̀yin ará láàbù, ẹ má ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún wa. Ohun tí ẹ ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ sọ.

Akunilóorun Àgbà
Suxamethonium, oògùn tó ń mú iṣan rọ̀. Ẹ fún aláìsàn ní mílígírámù 1 sí 1.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan, láàárín ìṣẹ́jú kan iṣan rẹ̀ ti rọ̀ pátápátá, ẹ ó ki rọ́bà bọ ọ̀nà èémí rẹ̀. Kó tó tó ìṣẹ́jú 10, ó sábà máa ń ti fúnra rẹ̀ mí. Énsáìmù inú ẹ̀jẹ̀ kan, butyrylcholinesterase, ló ń fọ́ oògùn náà; èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í dé ibi iṣan rárá. Ẹni tí énsáìmù tirẹ̀ jẹ́ irú mìíràn lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan láìlè mí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á rò pé oògùn oorun ló pọ̀ jù, wọ́n á sì dá oògùn oorun náà dúró. Aláìsàn á jí, á máa gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, kò ní lè mi ìka. Ẹ má pa oògùn oorun o! Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa mí fún un, ẹ fi nerve stimulator, ẹ̀rọ tó ń fi iná díẹ̀ ta iṣan, yẹ iṣan rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, ẹ ní sùúrù.

Ìgòkangò
Neostigmine, oògùn tí a fi ń dá agbára iṣan padà, ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Akunilóorun Àgbà
Énsáìmù kan náà ni neostigmine ń so lọ́wọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù lẹ tún fẹ́ dè mọ́lẹ̀ yẹn.

Ìyá Láàbù
Láti 1952 ni Kalow ti ń wo bí énsáìmù yìí ṣe ń fọ́ procaine, oògùn tí a fi ń pa ojú ibì kan lára kú, àti irú rẹ̀. Ní 1957, òun àti Genest, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìdánwò dibucaine jáde; dibucaine jẹ́ oògùn tó ń dá énsáìmù náà dúró. Ẹ fi benzoylcholine 50 micromolar sínú omi ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ti fi buffer pH 7.4 là, ẹ gbé e sínú spectrophotometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ní 240 nanometer. Bí énsáìmù ṣe ń jẹ ẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé mì ń dínkù. Ẹ tún un ṣe, kí dibucaine 10 micromolar wà nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Iye tí dibucaine dá dúró nínú 100 ni nọ́ńbà dibucaine. Ẹni tí jíìnì rẹ̀ méjèèjì jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀ á wà ní nǹkan bí 80, ẹni tó ní ọ̀kan-ọ̀kan ní nǹkan bí 60, ẹni tí méjèèjì yàtọ̀ ní nǹkan bí 20.

Nọ́ńbà yìí kò sọ bí énsáìmù ṣe pọ̀ tó o. Irú èyí tó jẹ́ ló ń sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ọkùnrin yẹn wà.

Ọmọ DNA
Kí la tún ń ṣe èyí fún? Ẹ ka BCHE, jíìnì tí énsáìmù yìí ti ń wá, ó parí.

Ìyá Láàbù
Kò parí, àbúrò. Oríṣiríṣi àyípadà ló wà nínú BCHE. Bí ìdánwò yín bá ń wá méjì mẹ́ta péré, ìyókù á yọ́ kọjá. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá, tàbí aboyún, iye énsáìmù rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé jíìnì ní nǹkan kan ṣe, nọ́ńbà dibucaine á sì dúró sí 80. Nítorí náà ẹ béèrè iye àti nọ́ńbà pọ̀. Ẹni tí kò ní énsáìmù rárá, kí ni dibucaine fẹ́ dá dúró? Bí ẹ bá ti fún aláìsàn ní plasma, omi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì, kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, énsáìmù ẹlòmíì lẹ̀ ń wọ̀n.

Alátakò
Bàbá pharmacogenetics, ìmọ̀ bí jíìnì ṣe ń yí iṣẹ́ oògùn padà, tí wọ́n ń pe Kalow yìí kò yé mi. Vogel ló dá orúkọ yẹn sílẹ̀ ní 1959. Motulsky ti kọ tirẹ̀ ní 1957. Garrod ti wà nídìí alkaptonuria, àìsàn àjogúnbá kan, láti 1902.

Ìgòkangò
Kalow ló kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1962.

Alátakò
Ìwé kíkọ ló ń sọni di bàbá báyìí?

Akunilóorun Àgbà
Ọmọ kan, bàbá mẹ́rin 😂

Ìyá Láàbù
Motulsky kó àpẹẹrẹ jọ, Vogel sọ ọ́ lórúkọ, Kalow wọ̀n ọ́n. Ọ̀dọ̀ ẹni tó wọ̀n ọ́n ni èmi wà.

Tíátà Kejì
Ẹ ti gbàgbé malignant hyperthermia, ewu àjogúnbá tí oògùn oorun lè fi mú kí iṣan le, kí ara sì gbóná kọjá ààlà. Kalow àti Britt pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, 1970: wọ́n gé iṣan lára àwọn tó yè é, wọ́n fi caffeine sí i, iṣan náà sì tètè kákò ju ti ẹlòmíì lọ. Suxamethonium kan náà wà lára ohun tó ń fà á, òun àti àwọn oògùn oorun tí à ń fà símú bíi halothane.

Ẹ má dúró de kí ara gbóná. Carbon dioxide tó ń jáde á kọ́kọ́ máa gòkè láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rọ, àgbọ̀n lè le koko. Ẹ pa oògùn tó ń fà á, kí ẹ fún un ní dantrolene, oògùn tó ń wo ó, mílígírámù 2.5 fún kílò kan. Ìgò oní-mílígírámù 20 ń gba omi abẹ́rẹ́ mílílítà 60, kì í ṣe omi oníyọ̀. Ẹni kílò 70: ìgò 9. Kì í tètè yòrò, nítorí náà ẹni kan kọ́ ni yóò máa pò ó.

Ọmọ DNA
Ṣé ẹni tó ní ti BCHE ní èyí náà ni?

Tíátà Kejì
Rárá. Kúrómósómù 3 ni BCHE wà. Jíìnì RYR1 tó wọ́pọ̀ jù nídìí tèyí wà lórí kúrómósómù 19. Ti BCHE, ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ti hyperthermia, jíìnì kan ti tó, nítorí náà àwọn òbí àtàwọn ọmọ wà níbẹ̀.

Akunilóorun Àgbà
Bí ẹ bá sì ń kọ káàdì ìkìlọ̀ fún ẹni tí BCHE rẹ̀ yàtọ̀, ẹ kọ mivacurium, oògùn mìíràn tó ń mú iṣan rọ̀, mọ́ suxamethonium. Énsáìmù kan náà ló ń fọ́ ọ.

Ìgòkangò
Ta ló tún ń lo mivacurium?

Akunilóorun Àgbà
Kọ ọ́ síbẹ̀.