Màákì 30 fún ohun tí à ń kọ nípa ara wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì: kí ni kí wọ́n máa wò kí wọ́n tó fún wa?

ỌmọAkẹ́kọ̀ọ́ (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn. Nínú kọ́ọ̀sì yúnítì 2 kan tí à ń ṣe ní sẹ̀mẹ́sítà yìí, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ la gbọ́dọ̀ máa kọ àkọsílẹ̀ sórí búlọ́ọ̀gì tí gbogbo ayé lè kà: ohun tí a kọ́, bó ṣe rí lára wa, ibi tó ti le. Mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, màákì 3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 30 yẹn ni gbogbo CA wa (màákì iṣẹ́ tí à ń ṣe kó tó di ìdánwò), ìdánwò ló ni 70. Wọn ò sọ ohun tí màákì mẹ́ta náà wà fún. Ohun tí wọ́n ṣáà sọ ni pé ká jẹ́ olóòótọ́, ká sọ tinú wa.

Lójú tèmi, kò yẹ kí wọ́n máa fi màákì díwọ̀n bí èèyàn ṣe tú ara rẹ̀ síta tó. Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé pé ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde sóde, ṣé màákì kékeré ni yóò máa gbà ni? N ò ní kí wọ́n fagi lé iṣẹ́ náà o. Bí èèyàn bá mọ̀ pé ẹlòmíì yóò kà á, ó máa ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n máa fún wa ní màákì? Báwo sì ni mo ṣe lè ṣe iṣẹ́ náà pé láìjẹ́ pé gbogbo ìgbésí ayé mi wà níta?

Olùkọ́ Bódìjà

Àbúrò, màákì 3 tí kò ní àlàyé yẹn ni ìṣòro. Bí olùkọ́ ò bá ti kọ ohun tó ń wá sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ohun tó bá wú u lórí lọ́jọ́ náà ni yóò máa fún ní màákì. Ìtàn ẹkún sì máa ń wú èèyàn lórí. Èyí tó bá wá tẹ̀ lé ìtàn ẹkún yóò tẹ́ lẹ́nu rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ gan-an ni iṣẹ́ yé. Ẹni tó bá sì ti gba 3 nínú àkọ́kọ́, orúkọ rere yẹn lè máa bá a lọ títí dé ìkẹwàá láìṣe nǹkan kan mọ́.

Pẹ̀lú màákì 3, báyìí ni kí wọ́n pín in. Ọ̀kan fún ohun pàtó kan tó ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. "Mo kọ́ ohun púpọ̀ lọ́sẹ̀ yìí" kì í ṣe ohun pàtó. Ọ̀kan fún bó ṣe so ó mọ́ ohun tí ẹ kà tàbí tí wọ́n ṣàlàyé ní kíláàsì. Ọ̀kan yòókù fún ohun tí yóò yí padà nígbà mìíràn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó ń fúnni nírú iṣẹ́ yìí ló ń tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ mẹ́fà tí Graham Gibbs, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ kan, gbé kalẹ̀ ní 1988: ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe rí lára, ohun tó dára àti èyí tí kò dára, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ohun tí a rí kọ́, àti ohun tí a ó ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ ò rí i pé bó ṣe rí lára jẹ́ ẹyọ kan péré nínú mẹ́fà? Àwọn tó sọ ẹyọ kan yẹn di gbogbo iṣẹ́ ló ba nǹkan jẹ́.

Ká wò ó báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ pé: "Àìsàn tí mo ti ń bá yí láti kékeré tún dìde lọ́sẹ̀ yìí. Ọsibítù ni mo wà, màmá mi ń sunkún, n ò lè ka nǹkan kan." Àánú rẹ̀ á ṣeni, ṣùgbọ́n lórí ìwọ̀n tí mo sọ yìí, òdo ni, torí kò kan iṣẹ́ níbì kankan. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà wá kọ pé: "Ara mi ò yá, kíláàsì kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nóòtì ẹnìkejì mi ni mo fi ka ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo sì rí i pé ìdáhùn nìkan ló kọ, kò kọ ìbéèrè. Ohun tí wọ́n ní ká ṣọ́ra fún lọ́sẹ̀ kejì nìyẹn, pé ìdáhùn tí kò ní ìbéèrè lè tan òǹkàwé jẹ. Ìbéèrè ni n ó kọ́kọ́ máa kọ báyìí." Mẹ́ta nínú mẹ́ta. Kò sì sí ẹni tó mọ àìsàn tó ń ṣe é.

Bó bá jẹ́ kíláàsì ńlá, kí ẹni méjì kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ bíi mẹ́wàá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fi màákì wọn wé ara wọn, kí wọ́n tó ka ìyókù. Bí ọ̀kan bá fún iṣẹ́ kan ní 1 tí èkejì fún un ní 3, a jẹ́ pé ìwọ̀n náà kò yé àwọn méjèèjì bákan náà nìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ jọ jókòó tún un kọ.

Kí aṣojú kíláàsì yín lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì lákòókò tó fi sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ (ẹ má lọ fi WhatsApp jí i ní agogo mọ́kànlá òru). Kó béèrè ohun tí màákì kọ̀ọ̀kan wà fún, bóyá a lè lo orúkọ ìnagijẹ, àti bóyá búlọ́ọ̀gì náà lè wà ní títì. Kó kọ ìdáhùn sílẹ̀, kó sì kà á padà fún wọn kó tó jáde.

OníṢírò

Kí àyà yín tó já, ẹ ṣírò rẹ̀ ná. Lórí òdiwọ̀n 5, 70 sókè ni A, ìyẹn 5. 60 sí 69 ni B, 4. 50 sí 59 ni C, 3. 45 sí 49 ni D, 2. 40 sí 44 ni E, 1. Ká ní o gba 50 nínú ìdánwò. Bí CA rẹ bá jẹ́ 24, o ní 74, A nìyẹn. Bó bá jẹ́ 18, o ní 68, o ti bọ́ sí B. Ní yúnítì 2, A mú 10 wá, B mú 8. Bí gbogbo yúnítì rẹ ní sẹ̀mẹ́sítà yìí bá jẹ́ 20, 2 tó sọnù lórí 20 jẹ́ 0.10 nínú GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba èsì sẹ̀mẹ́sítà kan.

Ẹni tó bá GPA sẹ̀mẹ́sítà kan lọ yóò pariwo. Ṣùgbọ́n CGPA, ìpíndọ́gba gbogbo sẹ̀mẹ́sítà pọ̀, ni wọ́n fi ń pín digirì. Tó o bá máa fi ṣe yúnítì 120 tán, 2 yẹn kò tó 0.02 mọ́. Má tìtorí 0.02 sọ ohun tí o kò ní lè kó padà.

Àwọn ará poly, ẹ̀yin lẹ ní láti ṣọ́ra jù. Òdiwọ̀n 4 lẹ ń lò, màákì márùn-ún márùn-ún sì ni ìpele yín láàárín 40 sí 74. Ẹni tó ní 75 wà ní A, 4.00. Yọ màákì 6 kúrò, ó di 69, ó ti já AB kọjá bọ́ sí B, 3.25.

Ìyá Kọ̀ǹpútà (Agbowó)

Ọmọ mi, ẹ ti sọ ti màákì tó. Èmi fẹ́ sọ ti àwọn tí yóò kà á.

Olùkọ́ nìkan kọ́ ni yóò ka búlọ́ọ̀gì tó ṣí sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú yóò tẹ orúkọ rẹ sí Google. Oníjìbìtì náà yóò ka tirẹ̀. Bí orúkọ kíkún, matric number, orúkọ họ́sítẹ́ẹ̀lì àti nọ́ńbà fóònù ilé bá pàdé lójú ewé kan, ohun tó kù ni kí ẹnìkan pe màmá rẹ pé òun ni alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì, pé o dákú, kí wọ́n tètè fi owó ránṣẹ́.

Ṣí Gmail tuntun tí orúkọ rẹ ò sí nínú rẹ̀, òun ni kí o fi ṣí búlọ́ọ̀gì. Má lo èyí tí báńkì ń kọ̀wé sí. Mú orúkọ ìnagijẹ kan, kí o kọ ọ́ pẹ̀lú matric number sórí ìwé, kí o fún olùkọ́ lọ́wọ́. Lórí Blogger, ìkànnì búlọ́ọ̀gì ti Google, wọ Settings, wá Privacy, kí o pa Visible to search engines. Ìyẹn ò tíì ti ilẹ̀kùn o, ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì yóò wọlé. Tó o bá fẹ́ tì í pa, lọ sí Permissions, yí Reader access sí Custom readers, kí o wá fi ímeèlì olùkọ́ síbẹ̀.

Fọ́tò ló ń tú àṣírí jù. Bí location bá wà ní títàn nínú ètò kámẹ́rà, fóònù lè kọ ibi tí o dúró sí sínú fọ́tò. Pa á kí o tó yà. WhatsApp máa ń yọ ọ́ kúrò bí o bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, ṣùgbọ́n bí o bá fi ránṣẹ́ bíi document, ó wà níbẹ̀ digbí. Kí o sì wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ nínú fọ́tò: ID card tó wà lọ́rùn, nọ́ńbà yàrá lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tó ń ya ìwé èsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù sí status, matric number gbogbo kíláàsì lẹ gbé síta yẹn. Ẹ gé tiyín nìkan, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà.

Àti ẹ̀yin tó ń lo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ kàn ń pa browser láì sign out, ẹni tó jókòó lẹ́yìn yín ni yóò bá yín kọ àkọsílẹ̀ kọkànlá. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ wọ Google Account lórí fóònù yín, ẹ lọ sí Security, lẹ́yìn náà Your devices, ẹ yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò níbẹ̀.

Òfin ààbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú sí dátà tó gbẹgẹ́, ó sì ní ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ ti ọkàn ẹni wá. Ìyọ̀ǹda tí màákì so mọ́ lọ́rùn, èmi ò kà á sí ìyọ̀ǹda.

Kòṣeémánìí

Olùkọ́ Bódìjà, ẹ má bínú, n ò bá yín dé òpin. Bí wọ́n bá ń fún gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní màákì, kò pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Láti ìkẹrin ni gbogbo wọn yóò ti máa parí rẹ̀ sí "nígbà mìíràn, n ó...". Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí wọ́n kọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí wọ́n fúnra wọn ṣa mẹ́ta tó dára jù, kí wọ́n tún wọn kọ, kí wọ́n kó wọn wá. Màákì 8 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn jẹ́ 24. 6 tó kù, 0.6 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́wàá tó bá wọlé lásìkò, láìwo bó ṣe dùn tó. Èyí tí wọn ò bá fẹ́ kí ayé rí, kí wọ́n fi sílẹ̀ sínú ìwé tiwọn, kí olùkọ́ kàn rí i pé ó wà.

Olùkọ́ Bódìjà

Mo gbà. Ó tún dín kíkà kù fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Bí olùkọ́ bá yí i padà ní ìdajì sẹ̀mẹ́sítà, àwọn tó ti fi gbogbo agbára kọ márùn-ún àkọ́kọ́ ni yóò rẹ́ jẹ.

ỌmọAkẹ́kọ̀ọ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìyá wa, wọ́n ní ká kọ orúkọ àti matric number sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ló sì ti wà níta báyìí. Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?

Ìyá Kọ̀ǹpútà (Agbowó)

Ó ṣeé ṣe. Kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ olùkọ́. Ṣí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, yọ orúkọ àti nọ́ńbà, tẹ Update. Yí orúkọ inú profile náà padà, yóò yí padà lórí gbogbo èyí tí o ti kọ. Google ṣì lè máa gbé ti àtijọ́ jáde fún ìgbà díẹ̀. Wá Refresh Outdated Content, ti Google fúnra rẹ̀ ni, kí o fi líǹkì ọ̀kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Bí orúkọ rẹ bá wà nínú àdírẹ́sì búlọ́ọ̀gì náà, o lè yí i padà ní Settings, lábẹ́ Publishing, ṣùgbọ́n líǹkì àtijọ́ kò ní darí ẹnikẹ́ni sí tuntun. Nítorí náà, fi líǹkì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí olùkọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má baà ṣí ti àtijọ́, kí wọ́n bá a lófo, kí wọ́n sì fún ọ ní òdo.