Ẹ̀yin tí ẹ ṣe honors tó pa ẹ̀ka ẹ̀kọ́ pọ̀, kí lojú yín rí?

Ọmọ Agbẹni: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kì í ṣe "Hons" tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn B.Sc. wa níbí ni mò ń sọ. Amẹ́ríkà ni mo ti kàwé. Wọ́n máa ń ṣa ọmọ jọ láti oríṣiríṣi ẹ̀ka: ẹ ó jókòó yí tábìlì ká, ẹ ó máa jiyàn, tó bá dọdún tó kẹ́yìn, kálukú á kọ ìwé ìwádìí tirẹ̀. Ó ti pẹ́ lọ́hùn-ún. Ní Swarthmore, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lọ́hùn-ún, láti 1922 ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti ibòmíì ni wọ́n sì ń pè wá dán ọmọ wò, kó má lọ jẹ́ olùkọ́ tó kọ́ ẹ náà ló máa fún ẹ ní máàkì.

Omíyalé Ògùnpa, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, ni mo mú fún ìwé ìwádìí tèmi. Wọn ò tíì bí mi, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn wo ni wọn ò sọ ọ́ fún? Olùdarí méjì ni mo ní. Ọ̀kan jẹ́ onímọ̀ omi, òǹkà ló ń wá: òjò tó báwo, odò fẹ̀ tó báwo. Èkejì jẹ́ òpìtàn, ohùn àwọn tó là á já ló fẹ́. Ibi tí ọ̀kan bá ti kọ "ta ló sọ bẹ́ẹ̀?", ibẹ̀ gan-an lèkejì á kọ "ó dáa" sí. Mo dà bí ọkọ oníyàwó méjì.

Mo wálé nígbà ìsinmi. Mo bá ìyá kan nítòsí odò, mo na fọ́ọ̀mù ìbéèrè sí wọn. Wọ́n wo bébà, wọ́n wò mí.

"Ìwé yìí ò kí mi."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Ìlà kan wà lára ògiri níbi tómi ga dé, ìṣó lọkọ wọn fi fà á lọ́jọ́ kejì omi. Mo na tépù: ó ga ju orí mi lọ. Wọ́n ka àwọn ilé tó ti há odò mọ́ fún mi, wọ́n sọ ti pàǹtírí tó dí abẹ́ afárá. Ìlà ìṣó yẹn nìkan lọ̀rọ̀ àwọn olùdarí mi kọ́kọ́ jọra lé lórí.

Ẹni tó wá dán mi wò bi mí pé, nígbà tódò ti kún ní 1978, kí ló dé tí wọn ò kó kúrò? Mo ní ọjà ni oúnjẹ wọn, níbo ni wọ́n fẹ́ kó lọ? A pẹ́ lórí ìyẹn gan-an.

Ìyá Ìbejì Bódìjà: Ṣé wọ́n ń gbowó lọ́tọ̀ fún un?

Ọmọ Agbẹni: Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, mà. Ṣùgbọ́n máàkì ọmọ ò gbọdọ̀ wálẹ̀. Tó bá wálẹ̀, wọ́n á yọ ọ́.

Àkẹ́jẹ: Èmi ò kúrò n'Íbàdàn ní tèmi. Ẹ̀kọ́ èdè ni mo kà, mo wá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fàmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan gbà láti ràn mí lọ́wọ́. Ó wá kan ẹni tó máa buwọ́ lùwé: ẹ̀ka mi ní èyí kì í ṣe iṣẹ́ èdè, ẹ̀ka kejì ní àwọn ò mọ̀ mí rí. Fáìlì lọ, fáìlì bọ̀. Mo bá yọ kọ̀ǹpútà kúrò nínú àkọlé, mo tì í sí orí kẹta, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní wò. Tù-wán ni mo fi jáde. Iṣẹ́ náà ṣì wà lórí láptọ́ọ̀pù mi o, ẹni tó bá fẹ́ ká jọ parí ẹ̀, kó yọjú.